Ìdí ìbọn mi tuntun ò jókòó dáadáa, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìgbèín

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọṣẹ́ igi. Mo ra ìbọn singú bárẹ̀lì tuntun, láísẹ́ǹsì ẹ̀ pé pérépéré, kẹ́nikẹ́ni má wá bi mí léèrè ìyẹn o. Ìbọn náà fúnra ẹ̀ dáa, irin ẹ̀ mọ́, ó ń ṣí, ó ń padé bó ṣe yẹ, àmọ́ igi ìdí ẹ̀ ni ò jẹ́ n gbádùn ẹ̀. Níbi tí igi ti pàdé irin, lápá òkè, àlàfo wà níbẹ̀ tí èékánná mi ń wọ̀, ìsàlẹ̀ ńkọ́, ó lẹ̀ mọ́ra pin-pin. Lápá ọ̀tún irin ló yọ ju igi lọ, lápá òsì igi ló yọ ju irin lọ, tí mo bá fọwọ́ pa á ó máa ń ha mí lọ́wọ́ ni. Tí mo bá wá di irin mú tí mo mi ìdí ẹ̀, ó ń dún kọ̀-kọ̀. Igi abẹ́ bárẹ̀lì náà, èyí téèyàn ń fọwọ́ òsì dì mú, òun náà ń yí díẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n kàn fún súkúrù ẹ̀ dáadáa, pé bí gbogbo wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àṣẹ̀rọ̀ ní kí n da súpà gúlù síbẹ̀ kí n fi eruku pákó dí i. Mo wo fídíò títí lórí YouTube, gbogbo òyìnbó tí mo rí, ìdí rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta ẹ̀ ń yí, ni wọ́n ń tún ṣe, mi ò wá mọ̀ bóyá ohun kan náà ni. Ṣé kí n fún un ni àbí kí n da gúlù sí i, àbí kí n dá a padà fún oníǹkan? Owó kékeré kọ́ ni mo fi rà á o.

Bàbá Ọdẹ Ìmálà

Àrìnpa o, ọmọ Ìgbèín. Má fún un. Mo tún un sọ, má fún un!

Nǹkan kan wà nínú tó ń dá igi yẹn dúró. Tí o bá ń fún bóòtù, ńṣe lò ń fipá fa igi lọ síbi tí kò lè dé, ọjọ́ tí o bá yin ọta tó lágbára ló máa là gbọ̀ọ̀rọ̀ láti ẹnu ibi tó ti pàdé irin títí dé ọrùn ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ṣé o rí i, tí ìbọn bá dún, irin á ta sẹ́yìn, igi ló máa kọ́kọ́ gbà á kó tó kan èjìká ẹ. Tó bá jẹ́ gbogbo ojú igi ló kan irin, gbogbo ẹ̀ ni yóò jọ gbé e. Tìrẹ yìí tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló kàn án, ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ni yóò jẹ gbogbo ìyà náà. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn tó ń tajà ni ò ráyè ẹ̀sọ̀.

Ohun tí wàá kọ́kọ́ ṣe: ṣí ìbọn, rí i pé kò sí ọta níbẹ̀, fojú wo ihò ẹ̀, ki ìka bọ̀ ọ́, kó gbogbo ọta kúrò nínú yàrá yẹn pátápátá kí o tó jókòó ti iṣẹ́. Tóò. Rọ́bà tó wà ní ìpẹ̀kun ìdí ìbọn, ibi tó ń kan èjìká, súkúrù méjì ló sábà máa ń dì í mú, tú u. Wàá rí ihò gígùn kan, bóòtù wà nísàlẹ̀ ihò yẹn lọ́ọ̀ọ́kán, súkúrùdíráífà gígùn gan-an ló ń dé ibẹ̀, òun ló fa igi mọ́ irin. Ọ̀pọ̀ singú bárẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ló rí, àwọn míì súkúrù láti òkè wá sísàlẹ̀ ni wọ́n ń lò, torí náà wo tìrẹ dáadáa kí o tó fipá yí nǹkan kan. Fa igi yọ kí o wo inú ẹ̀. Nígbà míì èérún pákó tàbí fáníìṣì tó ṣù tó gbẹ síbẹ̀ ni gbogbo wàhálà yẹn, o kàn máa há a kúrò ni.

Igi abẹ́ bárẹ̀lì yẹn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù ju ti ìdí lọ. Òun ló ń jẹ́ kí bárẹ̀lì dúró sójú ìkọ́ ẹ̀ nígbà tí o bá ṣí ìbọn láti pààrọ̀ ọta. Wo súkúrù tó di irin inú ẹ̀ mọ́ igi, ìyẹn ni kí o fún. Tó bá ṣì ń yí lẹ́yìn ìyẹn, dá ìbọn náà padà, má gbé e wọgbó, torí ọjọ́ tí ẹ̀rù òru bá bà ẹ́ tí igi yẹn já bọ́, bárẹ̀lì lọ́wọ́ kan ìdí lọ́wọ́ kejì ni wàá bá ara ẹ.

Ti rìfọ́fà yẹn, ibi tí àwọn oní-YouTube wà la ti ń tà á lórí káńtà. Níbí, òfin ìbọn ti 1959 ti to rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí èèyàn lásán ò gbọdọ̀ ní, kí ojú má wọ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Adátán

Òótọ́ ni bàbá sọ. Súpà gúlù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún bàtà.

Bí a ṣe ń mọ ibi tó ń dá igi dúró rèé. Tan àbẹ́là tàbí àtùpà oníkẹrosíìnì, na ibi irin tó ń wọnú igi sórí èéfín ẹ̀ títí á fi dúdú fẹ́lẹ́, a ò fẹ́ kó gbóná o, dúdú ẹ̀ nìkan la fẹ́. Ti igi bọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́, fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, fà á yọ tààrà láì yí i. Wá wo inú igi. Ibi tí dúdú bá lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ń kan irin. Mo lè búra pé tìrẹ yìí, ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò dúdú, òkè á mọ́ lau. Mú ṣísẹ́ẹ̀lì tó mú tàbí sáńpépà tí o wé mọ́ igi pẹlẹbẹ, há ibi dúdú yẹn bí ẹni ń fárí ọmọ tuntun, tún kun irin, tún tì í bọ̀ ọ́, tún wò ó. Bí o ṣe ń há ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òkè á máa sún mọ́ irin. Ìgbà tí dúdú bá ti kárí ojú igi, dúró. Ohun tó máa ń tan àwọn èèyàn ni pé òkè ni wọ́n rí tó ṣí, wọ́n á wá kọjú ṣísẹ́ẹ̀lì sókè, òkè ò ṣẹ̀ yín, ìsàlẹ̀ niṣẹ́ wà.

Nǹkan kejì, ìgbà wo lo rà á? Tí igi ò bá gbẹ dénú kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, ó lè jókòó dáadáa nígbà òjò, tí ọyẹ́ bá dé á sún kì, á lanu. Irin ò sì ní bá a sún. Tó bá jẹ́ igi tútù ni wọ́n fi ṣe tìrẹ, fi sílẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí o tó há ohunkóhun, má sá a sóòrùn o, oòrùn á là á.

Tó bá wá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, a lè gbẹ́ òmíì. Apá ni mo fẹ́ràn jù, tó bá ti gbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́, àmọ́ ó máa ń jẹ irinṣẹ́ lẹ́nu gan-an, owó iṣẹ́ ẹ̀ a sì yàtọ̀. Ìrókò náà dáa, èmi ni eruku ẹ̀ ń ta nímú àti lójú, mo ní láti fi aṣọ bomú ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi arère gbẹ́ ẹ fún ẹ torí pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbẹ́, sá fún un.

Ẹ má sì gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi o, igi nìkan ni kẹ́ ẹ gbé wá.

Ìyá Ẹlẹ́ran Ìgbẹ́

Ẹ tètè bá wa tún un ṣe o jàre, ọ̀yà ti wọ́n ju ẹran màlúù lọ, ẹ̀yin ń wo igi. 😂 Kóko lojú tiyín ń wò, ọbẹ̀ ni tèmi.

Bàbá Ọdẹ Ìmálà

Ìyá, ẹ kú ọjà o, ẹ fara balẹ̀, ẹran ò ní wọ́n yín.

Káfíńtà, igi nìkan kẹ̀? Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi dúdú wo ibi tó kàn tí irin ò bá sí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dúró ti ìbọn ẹ̀ nínú ilé ẹ̀, kẹ́ ẹ̀yin kó irinṣẹ́ lọ bá a, òun ni kó máa di irin mú, kẹ́ ẹ̀yin máa há igi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ torí irin, kó jẹ́ èyí tó níwèé àṣẹ, kó sì mú láísẹ́ǹsì dání, torí tí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, kí ó má wá di pé Eléwéran, olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá, ló ti máa lọ ṣàlàyé ìdí ìbọn tí ò jókòó.

Ẹ̀gbá Houston

Ẹ kú iṣẹ́ o ará ilé. Ìdáhùn tó o wá nípa rìfọ́fà, mo ní ọ̀kan níbí, òun náà dé pẹ̀lú ìdí tí ò jókòó, torí náà mo mọ díẹ̀ nínú ẹ̀. Tirẹ̀ yàtọ̀ pátá. Rìfọ́fà ò ní ìdí gígùn tó ń kan èjìká, pákó pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ọwọ́ ẹ̀, ọ̀tún kan, òsì kan, súkúrù kan la gbogbo ẹ̀ já. Ọ̀pọ̀ ló tún ní píìnì kékeré kan nísàlẹ̀ irin tó ń wọ ihò inú pákó kó má baà yí. Tí ihò yẹn bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, pákó ò ní lẹ̀ mọ́ irin láéláé, èèyàn á máa fún súkúrù títí pákó á fi sán lójú súkúrù. Ihò ni wọ́n ń fẹ̀ díẹ̀, wọn kì í fọwọ́ kan píìnì. Àwọn míì ni wọ́n ra pákó ìdí onígun mẹ́rin fún irin tí ìdí ẹ̀ rí róbótó, wọ́n wá ń bínú pé àlàfo wà, kò sí bí ò ṣe ní wà.

Ohun tó jọ tìrẹ níbẹ̀ ni pé pákó òsì tó bá ki jù lókè máa ń dí ọ̀nà, torí òsì ni ilé ọta ẹ̀ ń ṣí sí, tí o bá fẹ́ tú àkùfọ́ ọta dànù á há mọ́ pákó. Àwọn tó mọṣẹ́ ẹ̀ máa ń gbẹ́ kòtò kékeré síbẹ̀ ni. Tèmi, mo pe àwọn tó ṣe é, mo ya fọ́tò àlàfo náà ránṣẹ́, wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láì gba kọ́bọ̀. Ìwọ náà lọ bá oníǹkan kọ́kọ́, kó tó di pé o há nǹkan kan kúrò, tí o bá ti fi ṣísẹ́ẹ̀lì kàn án, á ní ìwọ lo bà á jẹ́.

Ọmọ Ìgbèín

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo lọ bá oníǹkan, ó ní tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ kí n dúró de ọjà tuntun tí òun ò mọ ìgbà tó ń bọ̀, ó wá fún mi ní igi abẹ́ bárẹ̀lì míì lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn ti wọlé, kò yí mọ́. Mo tú ti ìdí lójú ẹ̀, fáníìṣì ṣù sínú igi bí ẹní da lẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, mo há a kúrò, àlàfo òkè dín kù gan-an, èékánná ò wọbẹ̀ mọ́, pépà nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Káfíńtà ń bọ̀ wá fi àbẹ́là wò ó. Ìbéèrè tó kù: ibi tí irin ti yọ ju igi lọ lápá ọ̀tún, ṣé wọ́n lè fi fáìlì rẹ́ irin náà? Pépà tó ń wọ̀ ọ́ yẹn ńkọ́, tí ò bá tán?

Gbẹ́nàgbẹ́nà Adátán

Irin kẹ̀? Rárá o. Dúdú tàbí búlúù tí wọ́n fi pa irin yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà, tí fáìlì bá ti bó o lọ, òógùn ọwọ́ ẹ á jẹ ibẹ̀. Igi tó yọ lápá òsì la máa fi sáńpépà rẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú irin, irin tó yọ lápá ọ̀tún, a kàn máa fi epo pa ẹnu igi ibẹ̀ ni, kò ṣe ìbọn ní nǹkan kan, kò kàn dùn ún wò ni.

Àlàfo pépà yẹn, tí dúdú bá ti kárí tó sì kù, ìgbà yẹn la lè lo gúlù, gúlù alápò méjì téèyàn ń pò pọ̀, tó máa ń le bí òkúta. Fi pólíṣì bàtà pa gbogbo ojú irin tó máa kan igi, àti ojú bóòtù, pa á kó ki, kí gúlù má baà lẹ̀ mọ́ irin, kí o tó fi gúlù fẹ́ẹ́rẹ́ sínú igi, kí o ti irin bọ̀ ọ́, fi bóòtù fà á mọ́ra díẹ̀, nu èyí tó bá yọ jáde kó tó gbẹ. Ọjọ́ kejì, tú u, igi á ti ya àwòrán irin náà gẹ́lẹ́. Bí pólíṣì ò bá dé ibì kan, àwa méjèèjì á jọ sùn síbẹ̀ ni.

Kí o tó tún un tò, fi òróró línsíìdì pa inú igi níbi tí ẹ há, pàápàá ojú ibi tí wọ́n ti gé e tó ń kan irin, ibẹ̀ ló ń mu omi jù lára igi. Jẹ́ kó gbẹ. Àkísà tí o fi pa á, tẹ́ ẹ sóde kó gbẹ, má ká a jọ síbì kan, ó máa ń gbiná fúnra ẹ̀. Sátidé lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni mo máa wá, wá àbẹ́là sílẹ̀, súkúrùdíráífà gígùn wà lọ́wọ́ mi.