Òfin tí wọn ò kọ sílẹ̀, ṣé ó lágbára lórí èyí tí wọ́n kọ?

Àdùkẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn. Wọ́n kọ́ wa pé ìlú ọba ò ní ìwé òfin ìjọba kan pàtó, àṣà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, bíi kí ọba máa fọwọ́ sí gbogbo òfin tí pálímẹ́ńtì bá ṣe. Látìgbà Queen Anne lọ́dún 1708, kò tíì sí ọba tó kọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò kọ ọ́ síbì kan pé kò gbọdọ̀ kọ̀. Ṣùgbọ́n àwa tá a ní ìwé tiwa lẹ́yìn òmìnira ńkọ́, ṣé àṣà wọn yẹn dè wá? Olùkọ́ wa ní ká lọ wo ẹjọ́ Adégbénró àti Akíntọ́lá.

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Àbúrò, ibẹ̀ gan-an ni kó o lọ. Oṣù kárùn-ún 1962, àwọn aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà mẹ́rìndínláàádọ́rin (66) fọwọ́ sí lẹ́tà kan, wọ́n kọ ọ́ sí Gómìnà, ìyẹn Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, wọ́n láwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá tó jẹ́ Prẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba ẹkùn náà, mọ́. Ilé ò jókòó, ẹnikẹ́ni ò dìbò. Ìwé òfin ní Gómìnà lè yọ Prẹ́míà tó bá hàn sí i pé ọ̀pọ̀ aṣòfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ó sì hàn sí Kábíyèsí látinú lẹ́tà yẹn, ló bá yọ Akíntọ́lá, ó fi Adégbénró síbẹ̀. Akíntọ́lá gba kọ́ọ̀tù lọ, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú ọba, inú ilé aṣòfin ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí èèyàn ti kúrò lẹ́yìn ẹ̀. Kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Nàìjíríà gbà fún un. Nígbà tó dé Privy Council ní London lọ́dún 1963, ìyẹn ilé ẹjọ́ ìlú ọba tí ẹjọ́ wa ń parí sí nígbà náà, wọ́n da ìdájọ́ yẹn nù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé Ìwọ̀-Oòrùn ni kí wọ́n kà, kò ka ọ̀nà kankan léèwọ̀ fún Gómìnà. Àwọn tó ni àṣà gan-an ló ní kí wọ́n má fi àṣà àwọn ka ìwé wa o.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Wọ́n lè ká èèyàn mọ́lé lóru kó fọwọ́ sí lẹ́tà, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìta gbangba ló ti dìbò, gbogbo ayé á rí i. Callaghan tó jẹ́ olórí ìjọba níbí fi ìbò kan ṣoṣo pàdánù nínú pálímẹ́ńtì lọ́dún 1979, 311 sí 310, ó sì gbà. Ẹ sì wo 2019 tí Boris Johnson, olórí ìjọba ìgbà yẹn, ní kí wọ́n ti pálímẹ́ńtì fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, adájọ́ mọ́kànlá lẹ́nu kan náà ní kò bófin mu, kò sì sí òfin kankan tí pálímẹ́ńtì kọ tó ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n dì mú ni pé ìjọba gbọ́dọ̀ lè jíhìn fún pálímẹ́ńtì. Ṣé ìyẹn kì í ṣe òfin ni?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Òfin ni, ìyá ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n fẹ́ dìbò nínú ilé n'Ìbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù kárùn-ún 1962 yẹn, àga ni wọ́n ń jù lura wọn, ọlọ́pàá da tíágáàsì bò wọ́n. Ìbò wo ni wọ́n fẹ́ kà?

Àdùkẹ́_Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé Adégbénró wá padà di Prẹ́míà lẹ́yìn ìdájọ́ London?

Lọ́yà_Mọ́kọ́lá
Rárá o, ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn. Kíá ni ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tún ìwé òfin ṣe, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Gómìnà ò lè yọ Prẹ́míà àfi tí ilé bá dìbò, wọ́n wá ní òfin ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ láti October 1960! Àṣà tí Privy Council ní kò dè wá, ọwọ́ ara wa la fi kọ ọ́ sínú ìwé, torí kí ẹnì kan lè dúró sórí àga. Nígbà tí Nàìjíríà di republic lọ́jọ́ 1 October 1963, tí ọbabìnrin ìlú ọba ò ṣe olórí wa mọ́, a ò gbẹ́jọ́ lọ Privy Council mọ́. Tó o bá fẹ́ kà á dáadáa, bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí Adájọ́ Brett kọ nínú ìdájọ́ ti Nàìjíríà, òun ò bá àwọn tó kù lọ, ohun tó sọ sì sún mọ́ ti London.