Irinṣẹ́ wo ló dára fún iṣẹ́ àjọṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Alákọ̀wé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwa méje la jọ ń kọ ìjábọ̀ kan níbi iṣẹ́ wa. Mo tún ń kàwé lọ́wọ́, wọ́n sì ti pín wa sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-márùn-ún láti jọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí kan. Ìṣòro kan náà ló ń bá mi fínra níbi méjèèjì. Orí gúrúùpù WhatsApp la ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Ẹnì kan á fi fáìlì ránṣẹ́, ẹlòmíì á tún un ṣe, á dá tirẹ̀ padà, kó tó dé, ẹni kẹta á ti máa tún ti àkọ́kọ́ ṣe. A kì í mọ èyí tó pé nínú wọn mọ́. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà, fóònù nìkan ni àwọn mìíràn ní, nẹ́tíwọ̀kì ẹlòmíì kì í sì í dúró. A ò ní owó tí a fẹ́ san. Kí ni ẹ̀yin ń lò?

Ìyá_Ìbejì:
Google Docs. Ibẹ̀ ni àwa ti ń ṣe tiwa, kò sì sí pé à ń wá fáìlì kiri mọ́.

Akọ̀wé_Ìpàdé:
Ọmọ_Alákọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ má wá irinṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò ṣe gbogbo nǹkan. Ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ àjọṣe ń fẹ́: ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀, ibi tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà, àti ibi tí gbogbo yín ti lè rí ohun tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí WhatsApp, ohun tó ń fa wàhálà yín nìyẹn.

Ẹ má pa WhatsApp tì, torí gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n lò. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì iṣẹ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ mọ́, líǹkì nìkan ni kí ẹ máa fi síbẹ̀. Fáìlì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ti di ẹ̀dà lórí fóònù gbogbo ẹni tó bá gbà á, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan á sì máa lọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ibi kan ṣoṣo ni líǹkì ń mú gbogbo yín lọ.

Fún iṣẹ́ fúnra rẹ̀, mo fara mọ́ ohun tí Ìyá_Ìbejì sọ. Google Docs kò gba owó, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, èèyàn 100 sì lè jọ máa kọ̀wé nínú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà. Àyè 15 GB ni Google ń fún àkáǹtì ọ̀fẹ́ kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gmail àti àwọn fọ́tò yín náà ń pín nínú rẹ̀. Nǹkan méjì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ìjà. Àkọ́kọ́ ni Suggesting. Tí ẹ bá bọ́ sí i kí ẹ tó tún ohun tí ẹlòmíì kọ ṣe, gbólóhùn rẹ̀ kò ní parẹ́. Àtúnṣe yín á hàn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á wò ó, á gbà á wọlé tàbí kó dá a nù. Ìkejì ni Version history. Ó ń tọ́jú bí fáìlì ṣe rí láti ìgbà dé ìgbà, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá ṣèèṣì pa ojú ìwé mẹ́ta rẹ́, ẹ ò ní láti pariwo lé e lórí. Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ mú fáìlì padà sí bó ṣe wà láàárọ̀. Ẹ tún lè sọ ẹ̀dà kan lórúkọ níbẹ̀, bíi "èyí tí a fi han ọ̀gá", kí ẹ lè tètè rí i.

Tí ẹ bá fẹ́ pín in, ẹ fi ímeèlì ẹnì kọ̀ọ̀kan pè é wọlé, ẹ má ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá ti tẹ̀ lọ́wọ́. Líǹkì máa ń rìn jìnnà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tí kò bá fi àkáǹtì wọlé, orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú Version history. Àwọn tó ń kọ̀wé ni kí ẹ fún ní Editor, ìyẹn àṣẹ láti tún un kọ. Ọ̀gá tó kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, Commenter, ìyẹn àṣẹ láti kọ kọ́mẹ́ǹtì nìkan, tó o.

Ní ti ìkẹta, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń rí ohun tó wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ èèyàn á júwe Trello. Ó ti wà láti ọdún 2011, ó sì rọrùn: ẹ ó kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì, ẹ ó máa sún un láti "èyí tó kù" sí "èyí tó ń lọ lọ́wọ́" títí dé "èyí tó ti parí". Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n fún èèyàn márùn-ún sí méje, mo rò pé tábìlì kékeré kan nínú Google Sheets ti tó: iṣẹ́, ẹni tó ni ín, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tí orúkọ bá ti di méjì, oníkálukú á máa retí pé ẹnì kejì òun ti ṣe é.

Ọ̀gá_Ọ́fíìsì:
Mi ò bá Akọ̀wé_Ìpàdé jiyàn, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ya ti ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé ìwé. Níbi iṣẹ́, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n ti ń san owó fún. Tó bá jẹ́ Microsoft 365 ni wọ́n ní, Word ti wà nínú rẹ̀, Teams tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé náà sì sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹ sì lè jọ kọ̀wé nínú fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti Google. Bí ìjábọ̀ yín bá ní tábìlì àti àwòrán púpọ̀, tí Word sì ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín, inú Word ni kí ẹ ti kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fáìlì tó bá ń wọ Google Docs tó tún ń jáde padà sí Word, ìlà àti tábìlì rẹ̀ lè ṣí kúrò níbi tí ẹ tò wọ́n sí. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lè lo Word orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, wọ́n á sì fún un ní àyè 5 GB lórí OneDrive, ibi ìtọ́jú fáìlì ti Microsoft.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé kí ẹ má fi ìjábọ̀ ibi iṣẹ́ sórí àkáǹtì ara yín láìgbàṣẹ. Orúkọ oníbàárà lè wà nínú rẹ̀, iye owó tí wọ́n ń gbà lè wà nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹni tó ni fáìlì fi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tí a jọ kọ sì bá àkáǹtì rẹ̀ lọ. Ẹ lọ bi àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì yín lónìí.

Olùkọ́_Físíìsì:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ìwé kún un, nítorí olùkọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lọ́kàn mi gan-an.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń wá ráhùn lọ́dọ̀ mi kì í sọ pé irinṣẹ́ ló yọ àwọn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Èmi nìkan ni mo ṣe é, gbogbo wa la sì gba máàkì kan náà." Ó máa ń dùn mí, torí òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn kan wá ń mú Version history wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mò ń wò ó, àmọ́ mi ò fi òun nìkan dájọ́. Ohun tí èèyàn tẹ̀ ló ń fi hàn, kò lè fi ohun tó rò hàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ka ìwé mẹ́wàá, kó ṣàlàyé wọn fún àwọn yòókù, kí orúkọ rẹ̀ má sì ju orí ìlà mẹ́rin lọ. Ẹlòmíì á kàn da ohun tí gbogbo wọn sọ sínú fáìlì, á wá dà bíi pé òun ló kọ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ yín ní fáìlì kejì, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lásán. Tí ẹ bá ti ṣe nǹkan, ẹ kọ ọjọ́ àti ohun tí ẹ ṣe síbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìwé tí ẹ kà tàbí ẹni tí ẹ lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ìlà méjì tó. Tí olùkọ́ bá bèèrè, ẹ ní ohun tí ẹ máa fi hàn án, ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan náà á ti rí ara rẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Ohun kejì tí mo fẹ́ràn nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí ni àǹfààní tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí kì í lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu. Nínú gbogbo kíláàsì ni wọ́n wà, èrò wọn sì máa ń jinlẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé, ẹ ṣí fáìlì kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí gbogbo yín dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí oníkálukú kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ẹ ó rí i pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló sábà máa ń mú èyí tó dára jù wá.

Tí ẹ bá fẹ́ bi ẹnì kan ní ìbéèrè nípa ohun tó kọ, ẹ fi í sí kọ́mẹ́ǹtì lórí gbólóhùn náà gan-an. Tí ẹ bá tẹ @ pẹ̀lú ímeèlì rẹ̀, wọ́n á fi ímeèlì sọ fún un pé ẹ dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá fẹ́ parí, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ó sì tún èdè rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ tí ẹni márùn-ún kọ tí ẹnì kankan kò bá kà já kì í fara jọ iṣẹ́ kan.

Ẹlẹ́rọ:
Èrò yìí ti pẹ́ láyé o. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, Douglas Engelbart fi han àwọn èèyàn ní San Francisco bí ẹni méjì tí kò sí níbì kan náà ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń rí ara wọn tí wọ́n sì ń gbọ́ ohùn ara wọn.

Fún ẹni tí kò bá fẹ́ kó ohun tó ń ṣe sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀nà mìíràn wà. Etherpad kì í sábà béèrè àkáǹtì: ẹ ó ṣí ojú ìwé, ẹ ó pín líǹkì, ẹ ó máa kọ̀wé, àwọ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní á sì yàtọ̀. CryptPad ń ti ohun tí ẹ kọ pa kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ yín, àwọn tó ni ẹ̀rọ tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí pàápàá kò lè kà á. Tí pásíwọ́ọ̀dù yín bá sọ nù níbẹ̀, wọn kò lè bá yín wá a, nítorí náà ẹ kọ ọ́ síbi tó dára. Ọ́fíìsì tó bá ní ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ lè gbé Nextcloud, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú fáìlì tí wọ́n sì fi ń pín in, kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ tiwọn. Àwọn tó bá ń kọ prógírámù, kí wọ́n tètè kọ́ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí i. Linus Torvalds ló ṣe é ní 2005, kò sí èyí tí mo mọ̀ tó dára tó o fún iṣẹ́ yẹn. Àmọ́ kì í ṣe fún ìjábọ̀ lásán, ẹ má fi ìyà jẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìwádìí:
Zotero, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ dá gúrúùpù sílẹ̀ níbẹ̀, kí gbogbo yín máa kó ìwé tí ẹ bá kà sínú rẹ̀. Á bá yín to àwọn ìwé ìtọ́kasí fúnra rẹ̀, inú Word tàbí Google Docs. Àyè ọ̀fẹ́ fún fáìlì PDF kò ju 300 MB lọ, àmọ́ orúkọ ìwé àti òǹkọ̀wé kì í jẹ nínú ìyẹn.

Ọmọ_Alákọ̀wé:
Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bi ọ́fíìsì, wọ́n ní Microsoft ni kí a lò, nítorí náà ti ilé ìwé nìkan la máa gbé lọ sí Google. Ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ wa ń lo fóònù nìkan, nẹ́tíwọ̀kì wọn kò sì dára. Báwo ni kí wọ́n ṣe é? Ìpàdé ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì:
Kí wọ́n gbé áàpù Google Docs sórí fóònù. Tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, kí wọ́n tẹ ààmì mẹ́ta (⋮) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, kí wọ́n sì yan Make available offline. Wọ́n á lè máa kọ̀wé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n kọ á wọlé nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá padà dé. Kí wọ́n má kúrò ní abala tiwọn ní gbogbo ìgbà yẹn o. Tí ẹni méjì bá ń tún ìpínrọ̀ kan náà ṣe láìrí ara wọn, ọ̀rọ̀ á lọ́ mọ́ra wọn.

Ní ti ìpàdé, Google Meet á fún yín ní ìṣẹ́jú 60 lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ti tó mẹ́ta, Zoom á fún yín ní ìṣẹ́jú 40. Ẹ pa fídíò, ohùn nìkan kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa kọ ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí sínú fáìlì bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, kí ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì já sílẹ̀ lè kà á bó bá padà dé. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ sórí WhatsApp kò ṣeé wá nígbà tó bá yá. Tí ẹ kò bá sí ní orílẹ̀-èdè kan náà, ẹ fi UTC, aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, sọ aago ìpàdé.

Akọ̀wé_Ìpàdé:
Ó kù kan. Irinṣẹ́ máa ń kú. Google kéde Google Wave, irinṣẹ́ ìjọ kọ̀wé àti ìjọ sọ̀rọ̀, ní 2009, ó sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀ ní 2010. Jamboard, pátákó ìkọ̀wé Google tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń lò, parí ní òpin ọdún 2024. Skype náà tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún 2025. Àwọn míì kò kú, àmọ́ wọ́n ń bo ohun àtijọ́ mọ́lẹ̀: ẹni tó ń lo Slack, ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ kò lè rí ọ̀rọ̀ tó ti ju ọjọ́ 90 lọ. Nítorí náà, bí abala kan bá ti parí, ẹ tẹ File, kí ẹ tẹ Download, ẹ gbà á ní Word àti PDF, kí ẹni méjì ó kéré tán ní in lọ́wọ́. Ohun tí ẹ bá jù sínú Trash ní Google Drive máa ń parẹ́ pátápátá lẹ́yìn ọjọ́ 30. Bí ẹni tó dá fáìlì ilé ìwé yín sílẹ̀ bá sì fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kó lọ sí Share, kó fi fáìlì náà lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kí ẹni yẹn sì gbà á. Ẹ ṣe é kó tó lọ, torí lórí àkáǹtì ara ẹni, ẹni tó ni fáìlì nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀.