Rọpárọsẹ̀ tàbí ẹ̀gbà? Èsì sí àbá “ìdíwọ́-ẹ̀jẹ̀-ọpọlọ”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti wá orúkọ fún àwọn àìsàn ọpọlọ, ojú àti etí. Wọ́n ní “rọpárọsẹ̀” tí àwọn oníròyìn fi ń pe sítíróòkù, àìsàn ọpọlọ tí apá kan ara fi ń kú lójijì, kò bá a mu, kí á máa pè é ní “ìdíwọ́-ẹ̀jẹ̀-ọpọlọ”. Ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ wọn, mo fọwọ́ méjèèjì sí i. Ìdajì kejì ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, etí mi kò gbà á.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo ń ṣe fún àwọn aláìsàn níbí ní London. Lọ́jọ́ kan, dókítà ní kí n bi ìyá àgbà kan bóyá sítíróòkù ti mú ẹnikẹ́ni rí nínú ìdílé wọn. Mo ní, “Mà, ṣé rọpárọsẹ̀ ti mú ẹnikẹ́ni rí nínú ẹbí yín?” Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó mú àbúrò tó tẹ̀ lé àwọn. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ọmọ ọdún mélòó ni àbúrò yẹn nígbà náà. Ìyá ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ni bírò bá dúró lọ́wọ́ dókítà, ó ń wò mí. Mo wá bi ìyá bó ṣe ṣẹlẹ̀. “Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ibà lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbé e mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn ò sanra mọ́ títí ó fi di àgbà.” Pólíò ni ìyá ń sọ látàárọ̀. Èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò: rọ, apá, rọ, ẹsẹ̀. “Rọ” tó wà nínú “arọ” ni, òun náà la ń lò fún ewé tí oòrùn pa. Ohun tí pólíò ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹnu ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé, láti inú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ kàn. Nínú nǹkan bí 200 ẹni tó bá wọ̀ lára, ẹnì kan ló máa ń sọ di arọ: yóò wọ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò pa ibi tó ń pàṣẹ fún ẹran ẹsẹ̀, ẹran náà yóò sì gbẹ. Ti sítíróòkù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó tó ń jẹun lè ṣàdédé rí i pé ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹran apá ṣì wà níbẹ̀ digbí, orí ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹnì kan nínú yín kọ̀wé pé pólíò ṣá ti tán nílẹ̀ wa, kí á kúkú fi orúkọ rẹ̀ ta sítíróòkù lọ́rẹ. Lóòótọ́, ní 25 Oṣù Kẹjọ 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pólíò ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kejì, èyí tó yí padà láti ara kòkòrò inú àjẹsára tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu, ṣì ń yọjú ní Nàìjíríà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára. Àwọn tó ń fún ọmọ ní àjẹsára ṣì ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ṣì ń kán ẹ̀kán méjì sí ọmọdé lẹ́nu, wọ́n ṣì ń fi yíǹkì sàmì sí ìka. Bí a bá gbé orúkọ yẹn fún sítíróòkù, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan yóò béèrè ìdí tí wọn kò fi kán an sí bàbá òun lẹ́nu.

Ó wá ku “ìdíwọ́-ẹ̀jẹ̀-ọpọlọ”. Yàtọ̀ sí pé ó gùn jù fún ẹni tó ń sáré pe ọkọ̀, ìdajì àìsàn náà ló sọ. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan nínú ọpọlọ. Nígbà mìíràn iṣan náà ló bẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú orí. Ẹni tó bá gbọ́ “ìdíwọ́” lè sáré ra ásípírìn fún bàbá rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ni ti bàbá, oògùn yẹn yóò sì dá kún un. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ló lè sọ èwo ni.

Ẹ̀gbà ńkọ́? Ó wà nínú Bíbélì wa. Ọkùnrin tí wọ́n gbé tọ Jésù wá lórí àkéte, nínú Mátíù orí kẹsàn-án, àrùn ẹ̀gbà ló ń ṣe é. Màmá wa kan níbí ní ẹ̀gbà ọrùn làwọn mọ̀. Mà, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ “ẹ̀gbà mú un” tí yóò lọ wo ọrùn rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbà nìkan kò sọ ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, nítorí náà mo dábàá “ẹ̀gbà ọpọlọ” fún sítíróòkù. Ti ojú nìkan, tí ẹnu fi ń wọ́ tí ojú ẹ̀gbẹ́ kan kì í pa dé, tí apá àti ẹsẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ wọn, kí á máa pè é ní “ẹ̀gbà ojú”: iṣan tó ń darí ojú ló ṣàìsàn níbẹ̀, kì í ṣe ọpọlọ. (Mo ní iṣan. Iṣan ẹ̀jẹ̀, iṣan ẹran, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pè wọ́n. Ìjà ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Àwọn yòókù inú àbá náà kò le. Ẹ fi àpólò sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má fi “àrùn ojú pípọ́n” rọ́pò rẹ̀. Ọdún 1969 tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sínú òṣùpá ni àìsàn ojú yẹn bẹ́ sílẹ̀ ní Accra, tó sì ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn ló wà nínú orúkọ náà, ọmọ ilé ìwé gbogbo ló sì mọ̀ ọ́n. Òòyì náà dára fún àìsàn inú etí tí ilé fi máa ń yí mọ́ni lójú, ṣùgbọ́n kí á má fi pe ti ẹni tí ojú rẹ̀ kàn ṣókùnkùn nígbà tó dìde. “Etí ń hó” kò nílò àrọ́pò rárá.

Ní tèmi, kí ẹ tó fẹnu kò, n kì í dárúkọ sítíróòkù mọ́ níbi iṣẹ́. Mo ń béèrè ni: “Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé apá kan ara ẹnikẹ́ni kú lójijì, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́?” Títí di òní, kò sẹ́ni tó fi pólíò dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin tí ẹ wà láàárín wa, kí lẹ̀ ń pe sítíróòkù lọ́dọ̀ yín?