Mustang 1967: ṣé kí n pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn pátápátá ni?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi Mustang ọdún 1967 kan ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, onísìlíńdà 8, ó gba èbúté Kútọnù wọlé. Lójú títì tó bá tẹ́jú, ó ń lọ bí ẹni ń fi omi ra ọwọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó dé orí òkúta tí wọ́n tò sí àdúgbò wa l'Àjàṣẹ́ níbí! Ìdí rẹ̀ á máa ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́gi. Bí táyà ọ̀tún bá jìn sí kòtò, tòsì náà á gbọ́. Ní Sátidé tó kọjá mo tẹná díẹ̀ níbi tí mo ti ń yà, ìdí ọkọ̀ bá ń fò tọ̀n-tọ̀n-tọ̀n, ló bá gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀ ló kù kó kó sí tábìlì ìyá kan tó ń ta epo kpayo. Ìyá ò bú mi o. Ó kàn ń wò mí ni. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí táyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀ wà lọ́jà fún irú ọkọ̀ yìí. Owó rẹ̀ á ra Toyota tó ṣeé fi ṣe taksí. Ṣé kí n forí lé e?

Sáré-ń-bọ̀
Rà á, ọ̀rẹ́! Jaguar ti ń lo irú ẹsẹ̀ yẹn láti 1961, Corvette gbà á ní 1963. Mustang fúnra rẹ̀, láti ti 2015, gbogbo wọn ló wà lórí rẹ̀. Kí lo tún ń rò?

Bàbá Garáàjì, Kétu
Sáré-ń-bọ̀, o ò parí ìtàn. Ford ti kọ́kọ́ fi sí Mustang Cobra ní 1999. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í sáré ìdíje ojú ọ̀nà títọ́ ló tú u dànù, wọ́n dá igi kan ṣoṣo padà (ọ̀pá irin líle tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), torí wọ́n ní igi ló gba ìyà jù bí wọ́n bá fi agbára ta kúrò lójú kan.

Ọmọ Àjàṣẹ́, gbọ́. Òkìtì irin tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn rẹ, orí igi yẹn ló wà. Bí táyà bá fò, òun náà á fò, sípíríǹgì àti amọtísọ̀ (ṣọ́ọ̀kì) ni yóò sì mú gbogbo rẹ̀ balẹ̀. Nínú èyí tó dá dúró lọ́tọ̀, abẹ́ ara ọkọ̀ ni wọ́n so òkìtì náà mọ́, kì í bá táyà fò mọ́. Ohun tó ń fò ti fúyẹ́, ìyẹn ni táyà fi ń lẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, ó dára.

Abẹ́ Peugeot 504 ni mo ti kọ́ èyí, kì í ṣe abẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Èyí oníbúùtù tí Peugeot gbé jáde ní 1968, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀. Familiale (èyí gígùn tó ń kérò) àti bâchée (èyí tó ń kẹ́rù lẹ́yìn), igi kan ni. Kí ló fà á? Ẹrù. Bí o bá di àpò àgbàdo kún búùtù oníbúùtù yẹn, wàá rí i tí orí táyà á tẹ̀ wọnú. Etí inú á jẹ títí okùn á fi yọ, tìta á ṣì ní eyín bí tuntun. Mo ti yọ irú táyà bẹ́ẹ̀ tí n ò lè kà á mọ́.

Àmọ́ ohun tí o sọ yẹn, kì í ṣe igi ló jẹ̀bi. Bí o bá tẹná, sípíríǹgì pẹlẹbẹ tìrẹ á ká bí S, á tún ta padà. Ìyẹn ni tọ̀n-tọ̀n-tọ̀n yẹn. Ti ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí o jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá mì ju ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ lọ, amọtísọ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà, ki irin bọ ojú sípíríǹgì níwájú, kí o wo rọ́bà rẹ̀. Tí rọ́bà àti amọtísọ̀ bá jẹ́ tuntun tí ọkàn rẹ ò ṣì balẹ̀, ká wá sọ ti owó Toyota. Bí kádáàn (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí táyà) ẹsẹ̀ olówó yẹn bá sì ṣẹ́ ní Pobè, ta ni yóò tà á fún ọ?

Sáré-ń-bọ̀
Bàbá, mo gbà. Ṣùgbọ́n lórí òkúta Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀ á ṣì na igi. Èyí ni mi ò gbà.

Bàbá Garáàjì, Kétu
Mi ò bá ọ jiyàn ìyẹn.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Bàbá, ẹ ṣé. Mo tì í, ó mì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Rọ́bà ojú sípíríǹgì rún sí mi lọ́wọ́ bíi kúlíkúlí. Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi ra rọ́bà àti amọtísọ̀ méjèèjì ẹ̀yìn. Ìyá elépo ní títí wọn yóò fi dé, kí n máa gba òpópónà mìíràn.

Bàbá Garáàjì, Kétu
Bí wọ́n bá dé, gbé e wá sí Kétu. Má di rọ́bà yẹn pa nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí jáàkì o, jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró kí o tó fún bóòtù.