Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ fún ẹbu epo n'Ífẹ̀

Elépo_Ifẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹbu epo pupa la ní lójú ọ̀nà Oǹdó níbí. Ẹ́ńjìnnì Lister tó ń yí ẹ̀rọ tó ń gún ẹyìn láti ayé bàbá wa ti kọṣẹ́. Àna mi kan l'Ékòó wá ní òun rí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Perkins méjì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 4.108, èkejì 4.236. Owó wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Mo fẹ́ kó máa gún ẹyìn, kó sì tún máa yí jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń pa èkùrọ́. Èwo ni kí n mú? Ọ̀rọ̀ páàtì ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Mẹ́kà_Iléṣà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ máa wá ẹni tó ń ta páàtì ọkọ̀ ojú omi. Ẹ béèrè ohun tí irú ẹ́ńjìnnì yẹn ń gbé rìn lórí ilẹ̀. 4.236 ló wà nínú ọ̀pọ̀ tíràkítọ̀ Massey Ferguson, tíràkítọ̀ yẹn sì pọ̀ nílẹ̀ yìí. Pístìn, rííǹgì, bẹ́árìn, gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí wọn ní Àràrọ̀mí n'Íbàdàn kí ẹ tó ronú kan ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. 4.108 náà ní páàtì, kò tíì pòórá, àmọ́ ẹ ó wá a, ẹni tó bá sì ní in mọ̀ pé òun nìkan ló ní in. Ẹ mọ ohun tíyẹn ń sọ owó dà.

Ibi tí wàhálà wà ni àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ṣe fún omi nìkan: mánífóòdù (irin tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde) tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa omi òkun, àti páìpù ńlá tí omi òkun fi ń tu omi inú ẹ́ńjìnnì lára. Wọ́n wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n ẹbu yín kò sí lórí òkun! Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dànù, ẹ fi rédíétọ̀ àti fáànù sí i, kí ẹ sì wá mánífóòdù ti tíràkítọ̀. Kí ẹ gbé e wò lára ẹ́ńjìnnì ná, kí ihò bá ihò, kí ẹ tó sanwó rẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́yìn
Èmi ò fara mọ́ ọn o. Agbára ẹṣin 6 ni irú Lister àtijọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní, ìyípo 650 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń gún ẹyìn fún yín láti ọjọ́ yìí wá. 4.236 ń lọ sí bí 80. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò rí ẹrù gidi gbé, èéfín àti ọ́ílì ló máa ń tú sí sálẹ́ńsà. Ẹ tún Lister yín ṣe. Àwọn ará Íńdíà ṣì ń rọ irú rẹ̀ àti páàtì rẹ̀.

Elépo_Ifẹ̀
Mà, kíráńkì rẹ̀ ni, irin tí pístìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ títí, kò sí bẹ́árìn tó lè gbà á mọ́.

Mẹ́kà_Iléṣà
Òótọ́ ni màmá sọ, tó bá jẹ́ ẹyìn nìkan. Jẹnẹrétọ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìyípo 1500 ni jẹnẹrétọ̀ wa sábà máa ń fẹ́. Ìrọ̀rùn ni fún 4.236. 4.108 ní tiẹ̀, nítòsí 4000 ló ti ń rí agbára 50 tí wọ́n ń pariwo. Ní 1500, díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Kí ẹ wá máa kó èkùrọ́ àti ẹyìn fún un pọ̀.

Bọ̀dá_Etí_Omi
Mo ti bá wọn ṣe ọkọ̀ l'Ápápá rí. Iyọ̀ ni kí ẹ máa wá. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da omi sí, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́. Tó bá kó ẹrẹ̀ pupa tó ń dúró lọ́wọ́, ẹ fura. Ẹ tú ìgbọ̀nwọ́ tí èéfín àti omi ń gbà jáde pa pọ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà, omi á gba ibẹ̀ padà sínú sílíńdà. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ílì yọ: ọ́ílì tó bá funfun bí ògì ti mu omi.

Kí ẹ tó tan án, ẹ gbọ́wọ́ lé irin rẹ̀. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti tan án dè yín nìyẹn, ẹ ò ní mọ bó ṣe ń jí láàárọ̀. Tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ọ́ílì: èéfín tó bá ń fẹ́ jáde pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀, rííǹgì ti jẹ. Ti 4.108, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi fláìwíìlì, irin ńlá róbótó tó ń yí níbẹ̀, ó máa ń jo ọ́ílì níbẹ̀. Kì í pa á, àmọ́ ilẹ̀ ẹbu yín á máa dọ̀tí.

Ọmọ_Ọbòkun
Ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin ni kí ẹ kà. Láti nǹkan bí 1974, ED ló ń bẹ̀rẹ̀ ti 4.108, LD ló ń bẹ̀rẹ̀ ti 4.236. Nọ́ńbà yẹn náà ni ẹ ó kà fún ẹlẹ́páàtì. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè sanwó páàtì tí kò wọlé 😂

Elépo_Ifẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an ni. LD ni mo ní kí àna mi yà fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ ojú omi tó wà lára rẹ̀ ńkọ́?

Mẹ́kà_Iléṣà
Ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, kí wọ́n yọ owó rẹ̀ kúrò. Kílọ́ọ̀ṣì ló kù tí ẹ ó wá, kí ẹ lè máa dá ẹ̀rọ ẹyìn dúró láìpa ẹ́ńjìnnì.