Ṣé eré ìdárayá alágbára ń mú ọkàn le ju ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ?

Oníbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ọdún 46 ni mí, orí àga ní ọ́fíìsì ni mo sì ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálaalẹ́, síbẹ̀ bí mo bá gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta, ṣe ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kóòṣì kan ní jíìmù àdúgbò wa ní kí n dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá alágbára: wọn a lóṣòó dìde, wọn a fo okùn, wọn a gbé ẹrù wúwo rìn, láì fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ó ní ogún ìṣẹ́jú rẹ̀ tó ìrìn wákàtí kan. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọjà ló ń polówó? Ṣé kò sì léwu fún ẹni ọjọ́ orí mi?

Olùkọ́ Eré Ìdárayá:
Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kóòṣì yín ti bù mọ́ ọn. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 bó bá jẹ́ èyí tó gbóná, kí wọ́n sì tún máa ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán. Ìṣẹ́jú kan tó gbóná dúró fún méjì nìyẹn, kì í ṣe mẹ́ta.

Ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́ ni pé, nígbà tí iṣan bá ń béèrè ọ́síjìn ju bó ti ṣe máa ń béèrè lọ, ọkàn á kọ́ láti máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i jáde nígbàkígbà tó bá lù, iṣan náà á sì mọ ọ́síjìn lò dáadáa. Ìwádìí tí Izumi Tabata àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Japan ní 1996 lòkìkí rẹ̀ kàn jù: ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan tagbáratagbára, wọn a sì sinmi fún 10, nígbà méje tàbí mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, agbára tí ara wọn fi ń lo ọ́síjìn ti lọ sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ti ń ṣeré ìdárayá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n, àwọn tó sì ń wa kẹ̀kẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún wákàtí kan jèrè tiwọn náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ìfúnpá yín, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà ṣe àmì kankan. Bí ẹ bá ń gbé ohun wúwo, ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú, torí ó máa ń mú kí ìfúnpá ròkè lójijì. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Bákan náà, ẹni tó bá ki àṣejù bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè ba iṣan ara rẹ̀ jẹ́ débi tí yóò fi kó bá kíndìnrín. Bí ara bá ń ro yín gan-an, tí ìtọ̀ sì ṣú bíi kóòkì, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Oníbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ti gbóná tó?

Sárésáré:
Ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220; 174 ló kù, òun ni a fojú bù pé ọkàn yín lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ ní Trondheim, ní Norway, sọ di gbajúmọ̀: ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ọkàn ń lù láàárín ìdá 85 sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn (nǹkan bí 148 sí 165 fún yín), lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dín lílù ọkàn kù kò lè gbára lé ìṣirò yìí. Kí ó fi ọ̀rọ̀ sísọ wọ̀n ọ́n: bí kò bá lè sọ ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ kí ó tó mí, ó ti gbóná.

Èmi ò bá yín fọwọ́ sí okùn fífò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí orúnkún. Àtẹ̀gùn àjà kẹta tó ń dà yín láàmú yẹn ni kí ẹ máa gùn lọ gùn bọ̀, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ má sì pa ìrìn ìrọ̀lẹ́ tì.