Ìrónilágbára àbí ìkápá: èwo là ń wọ̀n lára obìnrin?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé orúkọ wo ló yẹ ká fún ohun tí àwọn elétò ìlera ìbímọ àti ti abiyamọ ń pè ní empowerment, ìyẹn kí èèyàn dẹni tó lè pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n lára obìnrin. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dábàá ìrónilágbára. Ẹnìkejì ní ìfúnnilágbára ló yé èèyàn jù. Ẹnìkẹta ní òmìnira ti tó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa túmọ̀ ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ìlera sí Yorùbá, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yàn ni obìnrin máa gbọ́, ohun tó bá gbọ́ ló máa fèsì sí, èsì yẹn ni wọ́n á sì sọ di iye nínú ìwé.

Mi ò kórìíra ìrónilágbára. Ó dùn létí, ó sì ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ẹnìkan ń ró, wọ́n ń ró ẹnìkan. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni «ni» tó wà láàárín yẹn, kò ṣe nǹkan kan. Létí tèmi, «ró» tí a fi ń róṣọ ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń bá obìnrin fi agbára ró ìdí. Àgbàlagbà obìnrin ló sì ń róṣọ ara rẹ̀. Ìfúnnilágbára tún wá burú jù ú lọ: ẹni tó fúnni lè gbà á padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹ bá kéde lónìí pé ètò ìrónilágbára ń bọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ àti owó òwò ni èèyàn á máa retí. Ohun gidi ni wọ́n o. Ṣùgbọ́n obìnrin lè gba ẹ̀rọ ìránṣọ lówùúrọ̀ kó má lè pinnu nírọ̀lẹ́ bóyá òun máa tún lóyún.

Ti òmìnira kò gba àkókò. Ẹni tó ń rọbí kò wá bí òun ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ó ń wá ẹni tó máa dúró tì í. Nínú ìlànà ìgbẹ̀bí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2018, wọ́n ní kí ẹni tó wu obìnrin náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà ìrọbí àti ìbímọ. Ẹni tó wù ú. Ohun tí à ń wá orúkọ fún wà nínú «wù ú» yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1994, ní ìpàdé àgbáyé lórí iye ènìyàn àti ìdàgbàsókè ní Cairo, ìjọba 179 fẹnu kò pé ipò obìnrin àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpìlẹ̀ irú ètò báyìí, pé kì í ṣe iye ọmọ nìkan ni ká máa kà. Ní 1999, Naila Kabeer, onímọ̀ nípa ètò ọrọ̀-ajé àwùjọ, wá sọ ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ̀n ọ́n ń lò títí di òní: pé ó jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n ti fi agbára láti yàn dù ń gbà dẹni tó ní in. Ó pín in sí mẹ́ta: ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn, bó ṣe lè lò ó láti lépa ohun tó fẹ́, àti ohun tó tibẹ̀ jáde. Ẹ kíyè sí «fi dù» yẹn. Ẹni tí wọn kò fi nǹkan dù rí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ń di ẹlòmíì, kì í ṣe pé ẹnìkan ń sọ ọ́ dà.

Nítorí náà, ìkápá ni mo dábàá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. «Apá mi ká a» là ń sọ, «kò sí ní ìkápá mi» là ń sọ. Ẹnìkan máa ní ká lo ìkáwọ́. Mo rò ó títí kí n tó fi í sílẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ lè wà lọ́wọ́ èèyàn kí apá má ká a. Òfin lè fi ọ̀rọ̀ ara obìnrin sí ìkáwọ́ rẹ̀ láti àná, kí apá rẹ̀ má ì tíì ká a lónìí. Àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ àti apá yẹn gan-an ni ìwádìí ń wá.

Ní 1994 kan náà, àwọn olùwádìí méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé nípa ìdádúró mẹ́ta tó ń ṣekú pa aláboyún: ìdádúró kí wọ́n tó pinnu láti wá ìtọ́jú, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe ń túmọ̀ àlàyé lórí àkọ́kọ́, «wọ́n» yẹn dá mi dúró. Ta ni wọ́n? Nígbà tí à ń dán ìwé ìbéèrè kan wò, obìnrin kan sọ bí ó ṣe rọbí. Báàgì rẹ̀ ti wà ní dídì lẹ́nu ilẹ̀kùn látàárọ̀. Ó mọ ilé ìwòsàn, owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó ti báàgì náà, ó di fóònù mọ́wọ́, ó ń dúró kí ọkọ rẹ̀ gbé ìpè. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wo ìwé, ó bi í pé, «Ṣé ẹ ní agbára nígbà náà?» Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, «Mo lágbára dáadáa. Mo fọ aṣọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí.» Èmi ni mo kọ ìbéèrè yẹn. Nígbà tí wọ́n yí i padà sí «Ṣé ó wà ní ìkápá yín láti dìde kí ẹ máa lọ?», ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, «Rárá. Apá mi ò ká ìyẹn.»

Orúkọ nìkan kọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú àfojúsùn ìdàgbàsókè tí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, òṣùwọ̀n 5.6.1 ń wo obìnrin ọdún 15 sí 49. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ó lè sọ fún ọkọ pé òun ò fẹ́ ìbálòpọ̀, ta ló ń pinnu lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ta ló ń pinnu lórí ìtọ́jú ìlera tirẹ̀. Àfi kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbè é kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tó ń pinnu fúnra wọn. Ṣé ẹ rí «lè» yẹn? Ó lè túmọ̀ sí pé ó lẹ́nu ọ̀rọ̀, pé wọ́n gbà á láyè, tàbí pé ó gbójú. Obìnrin tó lẹ́nu máa ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ rí. Mi ò ní yí ìbéèrè náà padà, torí èsì tiwa ò ní ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ibòmíì mọ́. Mo kàn máa ń fi ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀: «Bí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa ń gbà?»

«Jọ» ló le jù nínú gbogbo wọn. Obìnrin tó ní òun ló ń pinnu àti èyí tó ní òun àti ọkọ òun jọ ń pinnu, iye kan náà ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ «a jọ sọ ọ́» lè jẹ́ pé mo fi tó o létí. Ó lè jẹ́ pé mo gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé a gbìmọ̀ títí a fi fẹnu kò. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì dùn mí pé ìwé ìbéèrè rọ́ gbogbo wọn sínú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ẹni tó bá ń túmọ̀ lo «ẹ jọ fẹnu kò», kó sì béèrè lẹ́yìn náà pé bí ohùn wọn kò bá ṣọ̀kan, ti ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

«Yẹ» náà ń ṣi èèyàn lọ́nà, níbi tí ìwé ìbéèrè ìlera ti ń béèrè bóyá ó yẹ kí ọkọ na ìyàwó tó bá jáde láìsọ fún un, tí kò bójú tó ọmọ, tó ń bá a jiyàn, tó kọ ìbálòpọ̀, tàbí tí oúnjẹ jóná mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, kì í ṣe èyí tí ọkàn wọn gbà. «Lójú tiyín, ṣé ó tọ̀nà?» sàn díẹ̀.

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ìkápá máa dún bíi pé obìnrin fẹ́ jọba lé ọkọ lórí, ká pè é ní ìkápá ara ẹni. Kí ìrónilágbára máa jẹ́ orúkọ iṣẹ́ tí elétò ń ṣe. Kí ìkápá jẹ́ ohun tí a wọ̀n.

Ibi tí mo ṣì há sí ni yàrá ìgbẹ̀bí. Mo fẹ́ béèrè bóyá wọ́n gba ìyọ̀ǹda obìnrin kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án tàbí kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Bí mo bá kọ «ṣé ẹ fọwọ́ sí i?», ìwé àti bírò ni wọ́n ń rí, ẹni tó sì mú bírò kì í sábà jẹ́ òun. Bí mo bá kọ «ṣé ẹ gbà?», wọ́n á ní àwọn gbà, torí kò sí ohun tí àwọn fẹ́ ṣe sí i. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan tó lè ya «mo fẹ́ ẹ» sọ́tọ̀ kúrò lára «mo gba kámú», kó jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí mi.